Bàálù ogun wo ló wà nínú bébà yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan tí mo tọ́jú fún ọdún mẹ́ta kú lóṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀ obìnrin wá fún mi ní bébà ńlá kan tí wọ́n ká, pé kí n máa fi rántí bàbá. Àwòrán bàálù ogun ló wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì ẹ̀ kan péré, ibi tó ti ń fa atẹ́gùn wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti ya, "P.11" nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò rí èyí tó jọ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ó jọ pé ẹ ò rí i torí wọn ò kọ́ ọ parí rárá ni. Lẹ́yìn ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì á kọ irú bàálù tó ń fẹ́ síwèé, á fún ìwé náà ní nọ́ńbà, àwọn kọ́ńpìnì á wá gbé dírọ́ìnì wọn wá, ẹyọ kan nìjọba sábà máa ń mú, nígbà míì wọn ò tiẹ̀ ní mú ìkankan, dírọ́ìnì tó kù á wọ inú dúróà.

Ẹ má kọ́kọ́ wo apá ẹ̀ o. Ìrísí máa ń tan èèyàn gan-an, torí ohun kan náà nìjọba béèrè lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn lẹ́tà kéékèèké ni kẹ́ ẹ kà. P yẹn fúnra ẹ̀ ò tíì sọ nǹkan kan, àwọn kọ́ńpìnì tó ń ṣe bàálù ló ń fi ṣáájú nọ́ńbà dírọ́ìnì wọn: Hawker ń lò ó, English Electric ń lò ó, Saunders-Roe náà ń lò ó. English Electric tiẹ̀ ní P.11 kan, bàálù ogun Lightning oníjòkòó méjì tí wọ́n fi ń kọ́ awakọ̀ ni, àmọ́ ẹ́ńjìnì méjì ni Lightning ní, imú gan-an ló sì fi ń fa atẹ́gùn, torí náà kì í ṣe tiyín. Hawker ní tiẹ̀ ń ka nọ́ńbà láti 1000 lọ sókè, ọkàn mi sì lọ síbẹ̀ pé nọ́ńbà yín gùn ju 11 lọ, bébà ló ya mọ́ ọn.

Ẹ wá mú gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, kẹ́ ẹ tọ ìlà ẹ́ńjìnì lọ. Tẹ́ ẹ bá rí "Gyron" níbẹ̀, ìdí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ẹ̀ jáde nìyẹn. Orúkọ ẹ́ńjìnì ni, kọ́ńpìnì De Havilland ló ṣe é, ọdún 1953 ni wọ́n kọ́kọ́ tan án, Hawker sì ya bàálù bíi mélòó kan yí i ká, gbogbo wọn ló ń fa atẹ́gùn lábẹ́ àgbọ̀n. P.1103 ni àkọ́kọ́, wọ́n yà á fún F.155T, ìwé tí ìjọba gbé jáde ní 1955 torí bàálù Rọ́ṣíà tó lè gbé bọ́ǹbù wá láti òkè réré. Èèyàn méjì ló ń jókòó sínú ẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lára apá ẹ̀ méjèèjì. Ní April 1957, Duncan Sandys, mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní misáìlì ló máa gba iṣẹ́ yẹn ṣe, bí F.155T ṣe kú nìyẹn. P.1116 ló tẹ̀ lé P.1103, lẹ́yìn náà P.1121, tí Sydney Camm, ọ̀gá àwọn tó ń ya bàálù ní Hawker, àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi owó kọ́ńpìnì fúnra wọn bẹ̀rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ń kan ara ẹ̀ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 1958. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí iṣẹ́ yẹn.

Ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba náà tó bá wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìgbà tí wọ́n yà á: Ministry of Supply ò kọjá 1959, Ministry of Aviation ló gbapò ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo táyà. Ẹni tó ń ya bàálù tó fẹ́ kó fò lóòótọ́ sábà máa ń fi ìlà dáṣì dáṣì hàn ibi tí táyà máa ká wọ̀, àwọn tó kàn ń yà á fún ìgbádùn sábà máa ń gbàgbé ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí 1/48, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi dín bàálù kù sórí bébà, ínṣì kan lórí bébà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4, apá tó bá gùn ní ínṣì 10 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, àyàfi tó bá jẹ́ pé fótókọ́pì tí wọ́n dín kù ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sẹ̀lótéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ya fótò láti òkè gangan. Mùsíọ́mù Brooklands, tẹ́ ẹ lè fi fótò náà hàn, wà ní Weybridge, ní Surrey yín níbẹ̀, níbi tí Hawker ti kọ́ bàálù ogun Hurricane láyé ọjọ́un. Fáìlì ìjọba sì wà ní National Archives, ilé tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní Kew, ní London, AVIA, orúkọ tí wọ́n fi to fáìlì ọ̀rọ̀ bàálù, lẹ máa béèrè.

Ẹ tún bi ọmọ bàbá léèrè ibi tí bàbá ti ṣiṣẹ́ láàárín 1955 sí 1958. Tó bá ní Kingston, níbi tí Hawker ti ń ya bàálù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Hawker ló bá ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ wá wo etí ibi tó ya yẹn dáadáa lẹ́yìn 11, bóyá yíǹkì nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ṣẹ́ kù díẹ̀: tó bá tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ̀gbẹ́ òṣùpá, 0 ni, P.1103 lẹ mú dání. Tó bá dúró ṣánṣán, P.1116, tó bá ní ìkọ́ lókè àti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, P.1121.