Ẹ Bi Alásè: Ìkòkò kan, ẹnu márùn-ún

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ alẹ́ ló pọ̀ jù, mi ò sì ní bi yín pé kí ló fà á, ṣebí ọjà kan náà ni gbogbo wa jọ ń ná. Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Màá pẹ́ díẹ̀ lórí ti àkọ́kọ́ torí ó jọ ilé tèmi nígbà táwọn ọmọ mi ṣì kéré.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èyí àgbà ò jẹ ẹ̀wà, tó bá ti gbóòórùn ẹ̀ báyìí ojú ẹ̀ á ti yí padà, èyí àárín á jókòó á máa fọwọ́ ṣa àlùbọ́sà àti tòmátì kúrò nínú oúnjẹ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, àbíkẹ́yìn ní tiẹ̀ Indomie nìkan ló mọ̀ láyé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, oúnjẹ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo sì ń sè kí gbogbo wọn tó lè jẹun, gáàsì ń tán, owó ń tán, èmi fúnra mi ló wá ń sùn láìjẹun nígbà míì torí á ti rẹ̀ mí. Kí ni mo lè máa sè tí ò ní gún mi lápò? Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Oúnjẹ mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́? Ìyá olóúnjẹ etí títì gan-an ní ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a fọ àwo! Ẹ jọ̀ọ́, láti ọ̀la lọ ìkòkò kan ni. Ìyàtọ̀ tó bá máa wà láàárín wọn, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń bù ú sáwo ni kó wà, kó má ṣe jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dáná.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí àgbà. Ṣé ó máa ń jẹ àkàrà? Màá fẹ́ kẹ́ ẹ dáhùn ìyẹn ná, torí àwọn ọmọ tí mo mọ̀ tí wọ́n ń sá fún ẹ̀wà, tí wọ́n bá rí àkàrà gbígbóná wọ́n á jẹ mẹ́fà. Ọmọ tó bá ń jẹ àkàrà, ẹ̀wà kọ́ ló kórìíra, èèpo ara ẹ̀ àti bó ṣe máa ń rí mẹ̀dẹ̀mẹ̀dẹ̀ lẹ́nu ni ò fẹ́. Torí náà ẹ bó èèpo yẹn kúrò, kẹ́ ẹ sì pa ìrísí ẹ̀ dà. Ohun témi máa ń ṣe nìyí: lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń rẹ ìdajì kóńgò ẹ̀wà sómi fún bí ìṣẹ́jú 15, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù, tó bá pẹ́ jù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kí èèpo tó kúrò, màá wá fọwọ́ bó o, màá da omi lé e, èèpo á léfòó, màá sì dà á nù, màá tún un ṣe títí tó fi máa funfun. Ẹ pe àwọn ọmọ náà sí i, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n máa fọwọ́ bomi, ọmọ tó bá sì bá yín bó ẹ̀wà máa fẹ́ mọ ohun tó dà. Tẹ́ ẹ bá ti bó o tán, ẹ pín in sí mẹ́ta.

Ìdá kan, ẹ lọ̀ ọ́ fún àkàrà alẹ́ Sátidé yẹn, pẹ̀lú ògì tàbí ẹ̀kọ. Omi díẹ̀ báyìí ni kẹ́ ẹ fi lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi ṣíbí onígi pò ó títí apá á fi ro yín, atẹ́gùn tó bá wọnú ẹ̀ ló ń jẹ́ kó wú. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà, ẹ má tíì fi sí i, àfìgbà tí òróró bá ti gbóná, torí tẹ́ ẹ bá tètè fi sí i á ṣomi, àkàrà á wá pẹlẹbẹ bíi bísíkíìtì.

Ìdá kejì, mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Sunday. Mo mọ̀ pé ẹnu á ti máa dá àwọn kan lọ́fà báyìí lórí ẹlẹ́mìí méje, àwa ò ní ti ẹlẹ́mìí méje ṣe níbí, ẹlẹ́mìí méjì ti tó: ẹja ṣáwá kan tẹ́ ẹ bọ̀, tẹ́ ẹ yọ egungun ẹ̀ dáadáa (egungun ṣáwá pọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i tíná ò bá sí), àti ẹyin bíbọ̀ kan tẹ́ ẹ gé sí mẹ́rin. Ewé ni kẹ́ ẹ fi pọ́n ọn tẹ́ ẹ bá rí i, ó ń ta sánsán, kò sì wọ́n tó abọ́. Ìdá kẹta, gbẹ̀gìrì ni. Ẹ̀wà tí wọ́n ti bó èèpo ẹ̀ kì í pẹ́ rọ̀ rárá, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ lọ́jọ́ Monday tó ti máa ń rẹ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ní fíríìsà tíná sì ń wá ládùúgbò yín, ẹ kó o síbẹ̀, tí ò bá sí, ẹ sá a sóòrùn lọ́jọ́ Sátidé yẹn kó gbẹ, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú omi mọ́jú á kan. Àwọn ọmọ tí ò jẹ àmàlà lè fi gbẹ̀gìrì yẹn jẹ ìrẹsì, àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ̀wà àti ìrẹsì nínú ikùn kan náà, ara ò mọ̀ pé àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín.

Ó kan èyí àárín, ọ̀gá aṣàlùbọ́sà. Tiẹ̀ ló rọrùn jù. Ọmọ ò lè ṣa ohun tí ò rí. Ẹ lọ tòmátì, tàtàsé, àlùbọ́sà àti káróòtì kan pọ̀ kó kúnná, ẹ gbé e kaná kí omi ẹ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi òróró dín in. Ìyẹn ni ata ìpìlẹ̀ yín fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, tí ò bá sí fíríìjì ẹ máa gbé e kaná láràárọ̀ àti lálaalẹ́ kó hó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dáadáa: ẹ má fi ata rodo sí i. Ẹ lọ rodo lọ́tọ̀, ẹ dín in sínú abọ́ kékeré kan, kó wà lórí tábìlì kí àgbà tó bá fẹ́ kó ta bu tiẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí ni mo tó mọ̀ pé ọmọ mi kejì tí mo ti ń pè ní aláṣejù láti ọdún bíi mélòó kan, ata ló ń jó o lẹ́nu, ó kàn ń wá nǹkan tó máa yọ kúrò nínú oúnjẹ ni, àlùbọ́sà ló sì tọ́wọ́ bà. Ó dùn mí díẹ̀.

Ata ìpìlẹ̀ yẹn náà lẹ máa dà sórí ìrẹsì lónìí, òun lẹ máa fi se àsáró lọ́la. Níbi àsáró, iṣu ti di nǹkan tí èèyàn ń fojú bẹ̀, ẹ fi ìdajì iṣu àti ìdajì ànàmọ́ sè é, ànàmọ́ dùn lẹ́nu ọmọdé, ó sì máa ń tètè jinná, torí náà ẹ jẹ́ kí iṣu ti hó díẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á sí i. Epo pupa, edé lílọ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀fọ́ náà, ẹ bu tiwọn kẹ́ ẹ tó da ẹ̀fọ́ sí i, kẹ́ ẹ wá fi ewé mélòó kan sí ẹ̀gbẹ́ àwo wọn, kẹ́ ẹ má sì sọ nǹkan kan. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa jíjẹ ọmọdé ti rí i pé ọmọ lè rí oúnjẹ tuntun nígbà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà kó wọ òun lẹ́nu, ìgbà kẹta ló sì máa ń sú àwa ìyá, a ó ní “ọmọ mi ò jẹ ẹ́”, ó parí. Ẹ̀bẹ̀ ò sí níbẹ̀, pàṣán ò sì sí níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa, ti Indomie. Mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo tó máa tẹ̀lé e á ju oúnjẹ lọ. Ẹ kàn ṣírò ẹ̀ ná. Indomie kékeré kan, gíráàmù 70 ni. Sùpàgẹ́tì ọ̀rá kan, gíráàmù 500 ni, ìyẹn ni pé ẹ máa ra Indomie bíi méje kó tó tó ìwọ̀n sùpàgẹ́tì kan ṣoṣo, ẹ lọ béèrè iye méjèèjì lọ́wọ́ ìyá oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín kẹ́ ẹ rí i bóyá ẹ ò ní mí kanlẹ̀. Ẹ ṣẹ́ sùpàgẹ́tì yẹn sí kéékèèké, ẹ sè é pẹ̀lú ata ìpìlẹ̀ yẹn kó ní omi díẹ̀ bí Indomie ṣe máa ń rí, ẹ fọ́ ẹyin kan sí i. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ lè da Indomie kan mọ́ ọn, kó rí ohun tó mọ̀, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa dín in kù. Gbogbo ilé lè jẹ ẹ́, ìkòkò kan ṣì ni.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé o. Kí ni wọ́n ń jẹ ní aago mẹ́rin tí wọ́n bá ti iléèwé dé? Torí tó bá jẹ́ bísíkíìtì, pọfù-pọfù àti ẹlẹ́rìndòdò ni, kò sí alásè tó lè bá wọn ṣe é ní aago méje, ikùn ti kún! Ẹ fún wọn ní ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí àgbàdo lásìkò ẹ̀, kó má pọ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ebi bá yín ṣe ìyókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ma. London la wà. Ọmọ mi ọdún mẹ́fà, fish fingers àti chips ni ṣáá, wọ́n ń fún wọn níléèwé, kò wá fẹ́ nǹkan míì nílé mọ́. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ òru, èmi náà ń tọ́jú àwọn arúgbó, àyè ò sí láti máa bó ẹ̀wà. Ó ń dùn mí pé ọmọ mi ò mọ oúnjẹ wa.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má jẹ́ kó dùn ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹja àti ọ̀dùnkún lọmọ ẹ ń jẹ, kì í ṣe májèlé. Ra ẹja funfun inú yìnyín tó wà nínú ọ̀rá ńlá, gé e gbọọrọ gbọọrọ, rì í sínú ẹyin, wá yí i nínú gàrí tó gbẹ tó kúnná dípò búrẹ́dì rírún, kó o dín in tàbí kó o yan án nínú ofuni. Á máa ró kàkà lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gé ànàmọ́ bíi chips. Ọmọ náà ò ní mọ̀ pé òun ti jẹ gàrí, ìwọ nìkan lo máa mọ̀, inú ẹ á dùn.

Ẹ̀wà bíbó ńkọ́? Ìyẹ̀fun ẹ̀wà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Pò ó pọ̀ pẹ̀lú omi, fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó mu omi dáadáa, kó o tó fi ata àti òróró sí i, wá dà á sínú abọ́ kéékèèké tí wọ́n fi ń yan kéèkì, kó o gbé abọ́ omi sísàlẹ̀ nínú ofuni. Mọ́ínmọ́ín nìyẹn láìsí ewé. Tó bá sì jẹ́ àkàrà lo dín, ṣe bí àwọn ará Bahia ní Brazil, àwọn tó gba àkàrà lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wa tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé títí dòní. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á wá là á láàárín, wọ́n á kó edé àti ọbẹ̀ sínú ẹ̀ bí ẹni ń to búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá mọ burger máa mọ ìyẹn. Jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kó nǹkan sí i.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ bá mi gbà á. Ní tèmi, àwọn ọmọ ò yọ mí lẹ́nu, bàbá wọn ni. Tí kì í bá ṣe òkèlè, ó lóun ò tíì jẹun. Ó lè jẹ ìrẹsì àwo méjì tán, kó wá bi mí pé “oúnjẹ wá dà?” Àwọn ọmọ ò sì fẹ́ òkèlè lálẹ́. Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rín pa mí, ẹ má bínú. Ọkọ yín ò dá wà o, wọ́n pọ̀.

Ọbẹ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ sè, kó jẹ́ ọbẹ̀ tó lè bá méjèèjì rìn: ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí, gbẹ̀gìrì, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú ẹja. Àwọn ọmọ á fi jẹ ìrẹsì tàbí ànàmọ́ bíbọ̀, òun á fi jẹ èbà. Ẹ má ro àmàlà lálẹ́ tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, èbà ò gba gáàsì ju omi tẹ́ ẹ máa hó lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ti parí. Omi yẹn náà, ó lè hó o fúnra ẹ̀. Gàrí wà nínú ike, abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọrogùn ń bẹ lára ògiri. Ẹ fi ibi tí gbogbo wọn wà hàn án ní alẹ́ òní, kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí mi kí n mọ bí èbà tó tẹ̀ ṣe rí.