Ọmọ mi sanra jù, ṣé kí n gba géèmù fún un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 11, ó sanra gan-an, tó bá gun àtẹ̀gùn ilé wa báyìí á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Kì í jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ torí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é ní Òròbó. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ní òun máa fi géèmù kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń dé sójú bí awò ńlá yẹn (VR), pé á máa mú un fò. Màmá ọkọ mi ní ara ọlà ni, kí n fi ọmọ sílẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní ẹni tó ń tẹ fóònù látàárọ̀ dalẹ́, ṣé géèmù ló tún kù? Ẹ dákun, kí ni kí n ṣe? Ìyá Ayọ̀, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ayọ̀, ẹ kú ìtọ́jú o. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ mí lógún, ẹ gbé e lọ sí FMC ní Ìdí-Aba kí dókítà gbọ́ àyà ẹ̀, torí ó lè jẹ́ ikọ́ fée, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ sísanra nìkan.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ayọ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ géèmù ju oríṣi kan lọ. Ti fóònù, àtàǹpàkò nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irú Beat Saber tí wọ́n ń dé sójú, apá méjèèjì léèyàn fi ń gé nǹkan tó ń já bọ̀ wá bá a, á bẹ̀rẹ̀, á yẹ̀bá, kó tó pẹ́ òógùn á ti bò ó. Ring Fit Adventure tó jáde ní 2019 ò ní dídé sójú, ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti ń ta á, ọmọ á so nǹkan mọ́ itan á máa sáré lójú kan, tó bá dúró, ẹni inú géèmù náà dúró nìyẹn. Èyí tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé inú pálọ̀ ò sẹ́ni tó máa pè é ní Òròbó, lójú tèmi ẹ̀sín yẹn ló lé e kúrò lórí pápá, kì í ṣe ọ̀lẹ.

Àmọ́ o, ká kàn gbé e fọ́mọ ò tó. Ní Houston ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ kan ní géèmù Wii tó ń múni fò, wọ́n fún àwọn míì ní èyí tí wọ́n ń jókòó ta, èsì tó jáde ní 2012 ni pé bí àwọn méjèèjì ṣe ń lo ara wọn ò yàtọ̀. Ní Louisiana, Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà ńkọ́, ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi ṣe tiwọn, wọ́n ní ètò fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ará ilé tàbí ọ̀rẹ́ ń bá ọmọ ta á, ẹnìkan sì ń pè wọ́n lórí fídíò láti béèrè bó ṣe ń lọ, ìwọ̀n àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n bá fi wé gíga àti ọjọ́ orí wọn, sì wálẹ̀, tàwọn tí ò ṣe é ò wálẹ̀. Ṣé ẹ ti rí i báyìí, ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ gan-an lẹ máa bá a ta á, ẹ jẹ́ kó máa nà yín (ó máa nà yín dáadáa).

WHO ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ẹ ka géèmù mọ́ ọn, àmọ́ kó ṣì máa fẹsẹ̀ rìn. Tẹ́ ẹ bá gba ti dídé sójú, ẹ gbé tábìlì àárín pálọ̀ kúrò, ẹ sì wo fáànù òkè dáadáa kó má lọ gbá a lọ́wọ́. Tí òòyì bá ń kọ́ ọ, kó bọ́ ọ kíá.

Ní ti Màmá, ẹ má bá wọn jiyàn, ẹ ṣáà máa dín òkèlè láfún ọmọ kù, kí mínírà náà dọjọ́ ọdún. Kí ẹrù Kánádà tó dé, ẹ tan fídíò ijó lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ tí NEPA bá múná wá, kẹ́ ẹ jọ máa jó.