"Hesitate": níbo ló ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé "hesitate" àti "wait" kì í ṣe ọ̀kan náà? Níbo sì ni "hesitate" ti wá?

Ìdáhùn: Rárá o, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ń "wait" lè fọkàn balẹ̀, kó jókòó. Ẹni tó ń "hesitate" ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, kò sì tíì kàn án. Iyèméjì ló dì í mú.

Èdè Látìn ni gbòǹgbò rẹ̀. "Haerere" ni kí nǹkan lẹ̀ mọ́ nǹkan, tàbí kó há. "Haesitare" ni kó máa há ṣáá. Àwọn ará Róòmù tiẹ̀ ń lò ó fún ẹni tó ń kólòlò, torí ọ̀rọ̀ ń há sí i lẹ́nu. Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ló wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. "Adhere" àti "cohere" bá a tan, bí wọn ò tilẹ̀ jọra lójú.

Bí ẹnìkan bá ní "I hesitate to say", ó ń lọ́ra láti sọ ọ́ ni, àmọ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀, yóò sọ ọ́. Ní tèmi, "do not hesitate to contact me" tí wọ́n fi ń parí lẹ́tà ti sú mi. "Ẹ kàn sí mi" ti tó.