Èsì: Branch wo ni commit yìí ti wá?
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ rí commit a1b2c3d (àyípadà kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú Git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù) nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn commit, ẹ ò sì mọ branch (ẹ̀ka iṣẹ́) tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ ṣe git fetch, tó ń gba ohun tuntun wá láti orí server, kí ẹ wá tẹ:

git branch -a --contains a1b2c3d

Gbogbo branch tó ní commit náà nínú ló máa jáde. Ẹ má gbàgbé -a yẹn o. Láìsí i, ti orí kọ̀ǹpútà yín nìkan lẹ máa rí.

Àmọ́ ẹ fura: Git kì í kọ orúkọ branch sára commit. Àmì lásán tó ń tọ́ka sí commit kan ni branch. Bí wọ́n bá ti da branch náà pọ̀ mọ́ main (olórí branch), tí wọ́n sì ti pa á rẹ́, ó lè jẹ́ main nìkan lẹ máa rí. Èmi a máa wá merge (commit tó da branch pọ̀) tó gbé commit náà wọlé sí main:

git log --merges --ancestry-path --oneline a1b2c3d..main

Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo sábà máa ń bá nǹkan bíi "Merge branch 'login'".

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe commit náà, ẹ yẹ git reflog wò, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ ti ṣe nínú Git lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ wá "checkout: moving from main to login" (ẹ kúrò lórí main bọ́ sórí login) nítòsí commit náà.