Ìbéèrè: Ṣé mo lè ní kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa kọ "mo ti rà á, ó dùn" sábẹ́ gàrí tí mò ń tà?

ÌBÉÈRÈ: As-salaamu alaykum Àfáà wa. Gàrí Ìjẹ̀bú ni mò ń tà, Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wà, orí WhatsApp àti Facebook ni mo ti ń polówó ẹ̀ láti bí ọdún kan àmọ́ ọjà ò yá. Ẹnì kan tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tajà lórí fóònù ní kí n sọ fáwọn ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n máa kọ ọ́ sábẹ́ fótò mi pé àwọn ti rà á, ó kan dáadáa, bẹ́ẹ̀ wọn ò rà á rí. Ó tún ní kí n máa kọ "ó ku kóńgò márùn-ún péré" bí àpò mẹ́ta bá tiẹ̀ wà nílẹ̀. Kásítọ́mà kan l'Ékòó wá sọ lójú gbogbo ayé pé yanrìn wà nínú gàrí mi, mo bá blọ́kì ẹ̀. Mo sì ní àpò méjì tí ọ̀rinrin wọ̀ díẹ̀, ṣé mo lè pò ó mọ́ èyí tó gbẹ? Àwọn àgbà náà ṣáà sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ẹ bá mi dá sí i.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumus-salaam wa rahmatullaah. Arábìnrin wa, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ kí yín kú iṣẹ́, torí ẹni tó ń jí lóru lọ wo bí wọ́n ṣe ń yan gàrí kì í ṣe ọ̀lẹ. Àpò méjì tẹ́ ẹ fi gbẹ̀yìn ìbéèrè yín, tẹ́ ẹ sọ ọ́ bíi pé kò tó nǹkan yẹn, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí lójú tèmi gbogbo ìyókù ìbéèrè yín wà nínú ẹ̀.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a) ń kọjá lọ, ó rí ẹnì kan tó kó oúnjẹ jọ gègèrè fún títà. Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀, ìka ẹ̀ bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó ní, kí nìyí, ìwọ olóúnjẹ? Ọkùnrin yẹn ní òjò ló pa á, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó ní, kí ló dé tó ò gbé e sókè kí àwọn èèyàn lè rí i, ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa. Imam Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tó kó hádíísì (ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì) jọ sínú ìwé, ló gbà á wá látọ̀dọ̀ Abu Hurayrah.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa àfáà máa ń fò kọjá níbẹ̀ rèé o. Ànábì ò ní kí ó lọ dà á nù, kò lé e kúrò lọ́jà, kò bínú sí òjò tó rọ̀. Ó ní gbé e sókè. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìpolówó gan-an nìyẹn, èyí tó wà lókè òkìtì ni gbogbo ayé ń rí, òun lẹ̀ ń ya fótò ẹ̀, òun lẹ̀ ń gbé sórí státọ́ọ̀sì láràárọ̀, ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé èyí tó wà nísàlẹ̀ àpò náà nìyí?

Nítorí náà ẹ má pò ó. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ. Tó bá ti ń bu, tó ti ní àwọ̀ kan tí kì í ṣe ti gàrí, kò sí ọ̀rọ̀ títà níbẹ̀ mọ́, nǹkan tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá ni, ìyà ò gbọ́dọ̀ tọwọ́ wa dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rinrin lásán ni, kò tíì bà jẹ́, ẹ dá a padà sínú agbada kí ó gbẹ, kẹ́ ẹ tà á lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sọ pé òjò kàn án, a tún un yan, owó ẹ̀ ò tó ti ìyókù. Ẹ ó rí i pé àwọn kan á rà á, ẹni tó fẹ́ fi tẹ ẹ̀bà fáwọn ọmọ ilé ẹ̀ á rà á, yóò sì mọ ohun tó rà.

Ẹ̀yin arábìnrin tẹ́ ẹ rò pé ìpolówó fúnra ẹ̀ kò dáa nínú ẹ̀sìn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ànábì Yusuf sọ fún ọba Íjíbítì pé kó fi òun sídìí àwọn ilé ìṣúra, torí olùṣọ́ tó nímọ̀ lòun, ó wà nínú Súrà Yusuf, aayah 55. Ó yin ara ẹ̀, àmọ́ ohun tó ní ló sọ. Tí gàrí yín bá kan, ẹ pariwo pé ó kan! Tó bá wẹ́, ẹ sọ pé ó wẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i nínú omi tútù pẹ̀lú ẹ̀pà, kí itọ́ máa dà lẹ́nu wọn, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀.

Ti àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ máa kọ "mo ti rà á" wá ńkọ́? Ó lórúkọ nínú fíkíìhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn, najash là ń pè é. Láyé Ànábì, ẹnì kan á dúró lọ́jà, á máa fi owó lé owó ọjà tí kò fẹ́ rà, kí ẹni tó fẹ́ rà gan-an lè rò pé ọjà náà níyì, kí ó wá kó sí i. Ànábì kọ̀ ọ́, Ibn Umar ló gbà á wá, ó wà nínú ìwé hádíísì Bukhari àti ti Muslim. Ẹ̀gbọ́n yín tí kò tọ́ gàrí yín wò rí, tó ń kọ "ah ó dùn gan, mo tún fẹ́ ra míì", iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, aṣọ ló pààrọ̀. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín ní kóńgò kan kí ó jẹ ẹ́ ná, tó bá wá kọ ọ́ pé àbúrò mi ló fún mi, mo jẹ ẹ́, ó kan, ẹ̀rí lèyí, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí.

"Ó ku márùn-ún péré" nígbà tí àpò mẹ́ta wà nílẹ̀, irọ́ ni, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Wálláhì tẹ́ ẹ bá sì tún máa ń fi kún un, Ànábì ti sọ ọ́ pé ìbúra máa ń jẹ́ kí ọjà tà, ó sì máa ń pa àlùbáríkà ẹ̀ rẹ́.

Ẹ wá fi òwe àwọn àgbà tì mí, òótọ́ dọ́jà ó kùtà. Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, àwọn àgbà ń dárò ni, wọn ò ṣòfin. Ẹni tó ń sunkún pé olè pọ̀ níta kò ní kẹ́ ẹ lọ jalè. Ó tún kù síbì kan, torí ẹni tó fowó ra èké lọ́jà a máa délé, a sì máa tú u. Hakim ọmọ Hizam gbà á wá pé Ànábì sọ pé ẹni tó ń tà àtẹni tó ń rà, tí wọ́n bá sọ òótọ́ tí wọ́n sì ṣàlàyé, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí káràkátà wọn, tí wọ́n bá fi pamọ́ tí wọ́n parọ́, wọ́n á yọ àlùbáríkà kúrò ńbẹ̀. Yíyọ ni o, owó lè máa wọlé kí ẹ sì máa wá ibi tó ń gbà jáde.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo ṣì ń kéwú lọ́wọ́, mo máa ń tẹ́ jálàbíà síwájú mọ́ṣáláṣí kan ní Ṣágámù lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ra méjìlá wá láti Èkó lẹ́ẹ̀kan, dúdú gbogbo wọn, mo fọ ọ̀kan nínú ẹ̀ fún ara mi, omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú bí omi aró. Mo ti mọ̀ nìyẹn. Mo ta mọ́kànlá tó kù láàárín Jímọ̀ méjì, inú mi ń dùn. Bàbá àgbà kan nínú àwọn tó rà á wọ ọ́ lọ sí ìsìnkú lọ́sàn-án, oòrùn pa á, ó làágùn, gbogbo ọrùn ẹ̀ àti fìlà funfun ẹ̀ di dúdú. Ó wá bá mi ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò jà, ó kàn ṣí ọrùn aṣọ yẹn hàn mí, ó ní "Àfáà kékeré, ṣé o mọ̀ kó o tó tà á fún mi?" Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ kejì nìyẹn, mo sì tún wẹ àlùwàlá kí n tó pa á, ẹ wo nǹkan. Ó ní kò burú, ó lọ, kò sì dúró níwájú àtẹ mi mọ́ láéláé. Ìgbà tí ojú mi là tí mo kó owó náà dání lọ sílé ẹ̀, wọ́n ti sin ín. Ọmọ ẹ̀ ni mo kó o fún, torí ẹ̀tọ́ òkú, àwọn tó jogún ẹ̀ ló ni ín, ọmọ yẹn ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Bàbá yẹn ni mo rántí nígbà tí mo ka ti kásítọ́mà yín tẹ́ ẹ blọ́kì. Tèmi ò pariwo, ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ mọ iye èèyàn tó bá a lọ. Tiyín pariwo. Tiyín sàn ju tèmi lọ!

Ọkùnrin kan wá sin gbèsè ràkúnmí lọ́wọ́ Ànábì, ó sì sọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí i, àwọn sàábé, ìyẹn àwọn tó ń bá Ànábì rìn, fẹ́ dìde sí i. Ànábì ní ẹ fi í sílẹ̀, ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló lọ́rọ̀ sọ. Ó wá ní kí wọ́n ra ràkúnmí tó tó tiẹ̀ fún un, wọ́n wá a, èyí tó dáa ju tiẹ̀ lọ nìkan ni wọ́n rí, ó ní ẹ rà á fún un, ẹni tó dáa jù nínú yín lẹni tó ń san gbèsè dáadáa jù. Bukhari àti Muslim ló gbà á wá. Ṣé ẹ rí i, ẹnu ọkùnrin yẹn ò dáa, Ànábì ò sì torí ẹnu tí kò dáa yẹn di etí sí ohun tó ń sọ. Ẹ má sì sọ pé ó ń ba yín lórúkọ jẹ́, nínú Súratun-Nisaa, aayah 148, Ọlọ́hun ò fẹ́ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú síta àfi ẹni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí, ẹni tó fowó ra gàrí tó fi ń jẹ yanrìn, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣí kásítọ́mà tẹ́ ẹ blọ́kì yẹn padà. Ẹ bẹ̀ ẹ́ lójú ibi tó ti sọ ọ́, ẹ má lọ máa bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Kẹ́ ẹ wá bi í léèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀: ọjọ́ wo ló rà á, ṣé iyanrìn kíkúnná ni àbí òkúta, ṣé nígbà tó rẹ ẹ́ sómi ló rí i nísàlẹ̀ kọ́ọ̀pù? Torí ìdáhùn ẹ̀ ló máa sọ ibi tí iṣẹ́ ti bà jẹ́. Tí wọn ò bá fọ pákí náà mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bó o, kí wọ́n tó rìn ín, iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ á bá a wọ inú ẹ̀, kò sí asẹ́ tó máa yọ gbogbo ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí kí ó tutù lẹ́yìn yíyan ni, lórí tapólì lẹ́bàá títì, ọ̀kadà kan tó bá sáré kọjá ti tó. Ẹ lọ dúró ti ìyá tó ń yan án fún yín, lọ́jọ́ kan péré, ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá dá owó kásítọ́mà yẹn padà tó bá fẹ́ ẹ, torí ẹni tó bá gba ọjà padà lọ́wọ́ Mùsùlùmí tó kábàámọ̀ pé òun rà á, Ọlọ́hun á mójú kúrò níbi àṣìṣe ẹ̀ lọ́jọ́ Àlùkìyámà, Abu Dawud àti Ibn Majah gbà á wá.

Ẹ ní ọdún kan ti lọ, ọjà ò yá. Ẹ máa rí àwọn tó ń fi hádíísì yẹn polówó, pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù lèyí tó ń lọ déédéé bó tilẹ̀ kéré. Ìjọsìn ni Ànábì fi ń kọ́ wa níbẹ̀, mi ò ní fi tipá fà á wá sídìí gàrí, àmọ́ ìwà tó kọ́ wa yẹn, ẹni tó bá ní in ní mọ́ṣáláṣí á gbé e dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo sì fẹ́ kó máa lọ déédéé kì í ṣe fótò o. Ọ̀pọ̀ yín ń gbé fótò sórí státọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, gàrí ti oṣù yìí kan, ti oṣù tó ń bọ̀ ò kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjọ́ tí pákí fi wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án ló ń mú un kan, ẹni tó bá ti ń kánjú torí Iléyá ń bọ̀, tó gé ọjọ́ mẹ́rin sí méjì, ẹni tó ń mu ún l'Ékòó á mọ̀ kí ó tó gbé kọ́ọ̀pù kúrò lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá ní Tuesday lẹ̀ ń gbé ọjà lọ sí gáréèjì, kí ó jẹ́ Tuesday, kí òjò rọ̀ o kí ó má rọ̀.

Àwọn tó máa ń sanwó sílẹ̀ kí wọ́n lè bá gàrí nílẹ̀ tí wọ́n bá wálé wá wo Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹ lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Ànábì dé Mẹ̀dínà ó bá àwọn èèyàn tó ń sanwó èso sílẹ̀ fún ọdún kan ọdún méjì, ó ní ẹni tó bá máa ṣe é, kí òṣùwọ̀n jẹ́ èyí tí a mọ̀, kí ìwọ̀n jẹ́ èyí tí a mọ̀, kí ọjọ́ jẹ́ èyí tí a mọ̀. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Níbi òṣùwọ̀n yẹn náà, ẹ bá mi gbé kóńgò yín, ẹ yí i dojú dé, ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ ò sọ ọ́ nínú ìbéèrè yín, mi ò sì fẹ̀sùn kàn yín, àmọ́ mo ti rí èyí tí wọ́n fi òòlù lù nídìí títí ó fi wú sínú, ẹni tó ń rà á rí i pé ó kún, ó tiẹ̀ ṣe òkìtì lórí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ méjì ti lọ nísàlẹ̀. Súrà kan odidi ni Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tó fi ègún bẹ̀rẹ̀ lórí èyí, Súratul-Mutaffifiin, ìkẹtàlélọ́gọ́rin, àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń gbà wọ́n á gbà á kún, tí wọ́n bá ń wọ̀n fún èèyàn wọ́n á dín in kù. Tí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, bóyá ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ rà á, ẹ wá òmíràn.

Wallaahu a'lam.

Ẹ bá mi wọn kóńgò mẹ́rin nínú èyí tó gbẹ tó sì kan, ẹni tó ń bọ̀ ní Ṣágámù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á wá gbà á. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọ iye owó ẹ̀ sí mi, mi ò fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ará Rẹ́mọ wa níbí á ní gàrí ni Àfáà gbà kó tó dáhùn ìbéèrè Ìjẹ̀bú.