«Kp 7 lálẹ́ yìí»: kí ló túmọ̀ sí?

Ẹnì kan béèrè ohun tí «Kp 7» jẹ́, tí wọ́n máa ń kọ sínú àsọtẹ́lẹ̀ ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó ń jó lójú ọ̀run níhà àríwá àti gúúsù ayé, àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń wo oòrùn kí wọ́n tó sọ ọ́.

Oòrùn ni wọ́n ń wò. Kp ni òṣùwọ̀n tó ń sọ bí agbára òòfà ayé ṣe ń mì tó. Julius Bartels, ọmọ Jámánì, ló gbé e jáde lọ́dún 1949. Láti 0 dé 9 ni, wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣírò rẹ̀. Tó bá ti dé 5, ìjì òòfà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lóṣù Karùn-ún 2024, ó kan 9, ìmọ́lẹ̀ tí àwọn ará Norway mọ̀ bí ẹni mowó sì yọ sí àwọn ará Florida àti Mexico.

Ohun tó fa tọdún yẹn ni àwọn àbàwọ́n dúdú tó kóra jọ sójú oòrùn, tí fífẹ̀ wọn tó ìlọ́po 15 ayé wa. Òòfà ti lọ́ mọ́ra jù níbẹ̀. Nígbà tó já, oòrùn ń pọ ìkùukùu gáàsì gbígbóná sọ́nà ọ̀dọ̀ wa léraléra, kámẹ́rà inú sátẹ́láìtì SOHO sì ń rí i bó ṣe ń gbéra. Ìkùukùu bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rìn fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta kó tó débí, àyè wà láti ṣírò ìgbà tó máa dé. Ibẹ̀ ni «Kp 7 lọ́la» ti ń jáde.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ ti díjú rèé: ìkùukùu náà gbé òòfà tirẹ̀ dání. Bí òòfà yẹn bá kọjú sí gúúsù, ilẹ̀kùn ṣí fún un nìyẹn, ojú ọ̀run á tàn. Bó bá kọjú sí àríwá, ẹ lè dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́ kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó tíì lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí nígbà tó ṣì wà lọ́nà. Ìgbà tó bá kọjá lára sátẹ́láìtì bíi ACE, tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ kìlómítà sí wa, la tó ń mọ̀ ọ́n. Nígbà náà, ó ku ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan péré.

Ìdí nìyẹn témi kì í fi gbára lé Kp nìkan. Wákàtí mẹ́ta gbáko ló ń kó pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ lè ti jó tán kí nọ́ńbà ọ̀hún tó jáde. Bz ni kẹ́ ẹ máa wò, òun ló ń sọ ibi tí òòfà ìkùukùu náà kọjú sí: tó bá ti wálẹ̀ kọjá òdo, gúúsù nìyẹn. Bó bá wálẹ̀ dé -10 nT (nanotesla, òṣùwọ̀n agbára òòfà) tó sì dúró síbẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ tètè bọ́ síta.