Ṣé ẹni tó ń ta fákúùmù lè ṣe amí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Mò ń ka Our Man in Havana tí Graham Greene kọ, mo sì ń gbádùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n jù ú sílẹ̀, ó ní irú amí wo ni Wormold yẹn, ò níbọn, ò mọ ìjà, fákúùmù tí wọ́n fi ń fa eruku ilé ló ń tà kiri Havana ní Cuba, ó ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ láyé. Ṣé lóòótọ́ ni? Ọmọ Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má jù ú sílẹ̀ o! Ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń pè ní àléébù yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìwé náà dùn. Amí tó gbóná, tó níbọn, a ti mọ̀ pé á bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Wormold, bàbá tó ń dá tọ́mọ, tí Milly ọmọ ẹ̀ ti lọ ra ẹṣin nígbà tí ò sówó lọ́wọ́ bàbá, èèyàn bíi tèmi tìẹ nìyẹn, bó ṣe pa irọ́ àkọ́kọ́ báyìí làyà mi ti ń já. Ìwọ wo bí wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́ ná, inú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé ọtí Sloppy Joe's ni Hawthorne, amí Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbà á síṣẹ́, mú un wọ̀, ó wá ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa ya, kẹ́nì kankan má bàa gbọ́ wọn. Nígbà tí Wormold ò wá rí nǹkan kan ròyìn, ó ya àwòrán fákúùmù ránṣẹ́, ó ní ohun ìjà ńlá kan ni wọ́n ń kọ́ sórí òkè, àwọn ọ̀gá ní London sì gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀.

Pé ò lè ṣẹlẹ̀ kẹ̀? Greene fúnra ẹ̀ ṣiṣẹ́ amí fáwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Freetown nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ogun yẹn náà ni Juan Pujol ará Sípéènì, tó ti sin adìyẹ rí, lọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ bá wọn ṣamí, wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ló bá gba ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì lọ, ó ní òun ti dé London, bẹ́ẹ̀ Lisbon ní Pọ́túgà ló jókòó sí, ìwé atọ́nà arìnrìn-àjò ló ń wò kọ lẹ́tà sí wọn. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kan wà ní Glasgow tí wọ́n lè ṣe ohunkóhun torí lítà wáìnì kan, bẹ́ẹ̀ wáìnì kọ́ ni wọ́n sábà ń mu níbẹ̀! Lọ́dún 1942 làwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gbà á síṣẹ́, àwọn amí tó fẹnu dá sílẹ̀ tó 27, nígbà tó sì di 1944, Jámánì, tó ṣì rò pé tàwọn ló ń ṣe, fún un ní Iron Cross, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ ológun wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà fún un ní MBE, oyè ọlá tiwọn. Sọ ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n ẹ.

Tó o bá wá débi tí Wormold àti Segura, ọ̀gá ọlọ́pàá, ti ń ta dráàfù, jọ̀ọ́ rọra kà á. Ìgò wísíkì kéékèèké ni wọ́n fi ṣe ọmọ dráàfù, ẹni tó bá jẹ ọmọ gbọ́dọ̀ mu ún, Segura sì mọ̀ ọ́n ta gan-an.